Ọwọ́ Òsì Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Fọ́tò

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń tún ojú àwọn ará ìjọ wa ṣe lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí mo sì ṣe tán, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí mo tún bọ̀wọ̀ fún mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó síbi tí mo jókòó sí, tó ti gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn yọ kúrò lára àwọn, kò ní bá mi jiyàn.

Festac ni ìjọ wa wà, ní ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tí wọ́n fi nọ́ńbà pè dípò orúkọ. Ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ní nǹkan bí ọdún 2003, tí mo parí yunifásítì tí iṣẹ́ gidi kò sì yọjú, wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka tó ń ṣe ìwé ìjọ, ìyẹn ìwé pélébé tí a máa ń pín lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè. Olórí ni wọ́n pè mí, ṣùgbọ́n mi ò lọ́mọ ẹ̀yìn kankan. Èmi nìkan ni ẹ̀ka náà, èmi àti kọ̀ǹpútà kan tí ọmọ ìjọ kan fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ẹ mọ́, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó máa ń wúkọ́ kó tó gbà láti ṣiṣẹ́.

Ìjọ kò ṣe tán láti ra ètò kankan sórí kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò pèsè. Ó sì pèsè lóòótọ́, nítorí ọ̀fẹ́ ni àwọn ètò méjèèjì tí mo lò. Inú káfẹ́ ni mo ti lọ gbà wọ́n sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, odidi Sátidé méjì ni mo sì fi jókòó tì wọ́n torí pé ìlà ń já. Èyí kékeré ni mo fi ń dín fọ́tò kù, tí mo fi ń gé etí rẹ̀, tó sì máa ń to gbogbo fọ́tò tó wà nínú fódà sórí ìlà ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí n lè mú èyí tí mo bá fẹ́. Èyí ńlá ni mo fi ń to àwòrán lérí ara wọn, tí mo fi lè gé orí ẹnì kan kí n sì gbé e lé ọrùn ẹlòmíràn.

Àṣìṣe mi ni pé mo jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé mo lè ṣe ìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ìjókòó mú fọ́tò wá pé kí n bá òun dín ikùn kù, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Sísítà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ní kí n jẹ́ kí ọrùn òun bá ojú òun mu, torí pé ìpara tó fi ń bó ara kò tíì dé ọrùn. Bọ̀dá kan ní kí n gbé mọ́tò sẹ́yìn òun. Mo bi í pé irú mọ́tò wo, ó ní kí n ṣáà wá èyí tó bá ìgbéga òun mu.

Èyí tó le jù ni ti Ìyá Díákónì. Wọ́n ya fọ́tò ẹbí ní ọjọ́ àjọ̀dún ìgbéyàwó wọn, àbíkẹ́yìn wọn tó wà ní Kánádà kò sì wá. Ìyá ní kí n bá àwọn fi í sí i. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní lọ́wọ́ nípa rẹ̀, inú yìnyín ló ti yà á. Mo gé e jáde, mo gbé e sáàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ nínú kóòtù òtútù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, nínú oòrùn Festac, gbogbo àwọn yòókù sì wọ léèsì. Mo rò pé wọn yóò rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì sọ pé kí n yọ ọ́. Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwọn àlejò ń wò ó, wọ́n ń sọ pé ẹbí náà ṣọ̀kan.

Ẹ ò rí i pé mo ní ìdí láti gbéra ga. Mo ń wo gbogbo wọn bí ẹni ń wo ọmọdé tó ń fi yẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀. Ìkẹ́gàn náà sì wá di ara mi, mo ń mú un lọ sílé, mo ń mú un lọ sọ́jà, mo ń bá a kúnlẹ̀ gbàdúrà.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tó dara pọ̀ mọ́ ìjọ wa, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́rù jáde ní èbúté. Ó lẹ́wà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tíì wá sọ́dọ̀ mi rí pé kí n bá òun yọ ìlà kan tàbí rorẹ́ kan. Ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n tìtorí ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo ti rí ẹni tí ojú rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi ní pálọ̀ wa, tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, ìyá mi sunkún ayọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Àwọn ìyá ìjọ ti ń fi orúkọ mi gbààwẹ̀ bí ẹni pé mo ní àrùn. Bí mo bá pàdánù èyí, mo mọ̀ pé ojú tí wọn yóò fi máa wò mí kò ní ṣe é gbé.

Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni pé kò jẹ́ kí n mọ ibi tó ń gbé. Ijegun-Egba ni, ìyẹn ni mo mọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Satellite Town. Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni, Mùsùlùmí paraku tí kò fẹ́ rí obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní tí a bá ti ṣègbéyàwó tán, a ó wá ilé tiwa. Mo gbà.

Ìjọ wa ní àṣà kan. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣègbéyàwó, a óò gbé fọ́tò àwọn méjèèjì sínú ìwé ìjọ fún Sọ́ńdè mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fẹ́ ara wọn, kó lọ rí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ ya fọ́tò náà pọ̀. Ìgbìmọ̀ ní kò dára kí àwọn tí kò tíì di tọkọtaya fara kan ara wọn nínú ìwé ìjọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò mú fọ́tò wá, èmi ni mo máa dín wọn kù kí wọ́n dọ́gba, kí n sì tò wọ́n sínú àmì ọkàn pupa kan. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀! Wọ́n ń sá fún kí èjìká kan èjìká, àmọ́ wọ́n ní kí n fi kọ̀ǹpútà kàn án.

Ó wá kan èmi náà láti to ojú ara mi. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, lọ́sàn-án, àfẹ́sọ́nà mi mú fíláàṣì wá bá mi ní ọ́fíìsì ìjọ. Ó ní fọ́tò òun wà nínú rẹ̀, òun ti jẹ́ kí wọ́n bá òun gé e ní káfẹ́ kan ní Mile 2 kí wàhálà má bàa pọ̀ jù fún mi. Inú mi dùn. Mo ní, wo ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ó yára lọ torí pé wọ́n ń dúró dè é níbi iṣẹ́.

Mo ki fíláàṣì bọ inú kọ̀ǹpútà, mo ṣí fódà náà pẹ̀lú ètò kékeré mi. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lórí ìlà, níbi tí ètò náà ti máa ń fi fọ́tò hàn ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo rí ọkùnrin kan tó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lé èjìká obìnrin kan, obìnrin náà gbé ọmọ. Mo rò pé fọ́tò ẹlòmíràn ló kó sínú ti wa. Mo tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Nígbà tó ṣí, ọkùnrin náà nìkan ló kù. Àfẹ́sọ́nà mi ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká sí àyà, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè kí a lè rí i. Apá òsì rẹ̀ parí sí èjìká bí ẹni pé wọ́n fi àdá gé e.

Mo tì í, mo tún ṣí i. Lórí ìlà, èèyàn mẹ́ta. Nígbà tó bá ṣí, ẹnì kan.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí pé nígbà náà, kò sí ẹni tó yé nínú ìjọ wa. Tí kámẹ́rà díjítà bá ya fọ́tò, ó máa ń fi ẹ̀dà kékeré kan pa mọ́ sínú fáìlì náà, èyí tí kò ju èékánná lọ, kí ó lè rọrùn láti fi hàn lórí ìlà. Tí ètò gidi bá gé fọ́tò, yóò gé kékeré náà pẹ̀lú. Àmọ́ àwọn ètò játijàti kan wà, irú èyí tí àwọn oníkáfẹ́ Mile 2 ń lò, tó jẹ́ pé ńlá nìkan ni wọ́n ń gé. Wọ́n á gbàgbé kékeré sínú. Ọkùnrin tó gbọ́n tó láti sá fún ọwọ́ mi lọ fi ara rẹ̀ lé ọ̀lẹ lọ́wọ́. Ó sì lè mú fọ́tò mìíràn wá o, ṣùgbọ́n èyí ló ti lẹ́wà jù.

Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo jókòó sínú ooru, mo sì ń wo gíláàsì kọ̀ǹpútà tó ti ṣókùnkùn.

Ní ọjọ́ Fúráídè, mo lọ rí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Ẹni méjì ni wọ́n, alága tó jẹ́ bàbá arúgbó, àti màmá kan tó jẹ́ aṣáájú àwọn obìnrin. Mo kó wọn wá síwájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti pe ọkùnrin náà, òun náà jókòó, ó ká ẹsẹ̀ jọ bí ọmọlúàbí.

Màmá fi ìka kan gíláàsì náà. "Èyí ti kéré jù. Zúùmù ẹ̀."

"Mà, kò ṣe é zúùmù. Bó ṣe tóbi mọ nìyẹn."

"Ṣáà zúùmù ẹ̀, jàre! Ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni?"

Mo fẹ̀ ẹ́. Ojú obìnrin náà di igun mẹ́rin mẹ́rin, búráùn, dúdú, búráùn. Ọmọ náà di àpá funfun. Bàbá Alága tẹ ojú mọ́ ọn títí ìmú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Mi ò rí nǹkan kan níbí o," ni Bàbá wí. "Ó dà bí táìlì balùwẹ̀."

Ọkùnrin náà wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́. Ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni àti ọmọ wọn, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni àwọn ya fọ́tò náà, òun sì gé wọn kúrò torí pé òfin ìjọ ni pé kí èèyàn dá nìkan wà. Ṣé ohun tó burú nìyẹn? Màmá ní kò burú rárá.

"Àti pé, Sísítà," Bàbá Alága yíjú sí mi, "ṣé kì í ṣe ìwọ náà lo gbé ọmọ Díákónì láti Kánádà wá sí Festac láìgba físà? Ẹni tó lè ṣèyẹn, kí ni kò lè fi sínú fọ́tò? Kí la fẹ́ fi mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo fi obìnrin yìí sí i?"

Mo wo ojú àwọn èèyàn méjèèjì, àwọn tó gba kóòtù òtútù nínú oòrùn gbọ́, tí wọn kò wá gba òtítọ́ kan gbọ́ torí pé ó kéré. Wọ́n ní ẹ̀mí ìfura ló ń bá mi jà. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ìwé ìjọ sì jáde bó ṣe yẹ. Ọkùnrin náà dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú wọn, ó ní òun ti dárí jì mí. Ó dárí jì mí! Mo kórìíra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ rí lọ.

Síbẹ̀, mo tẹ ìwé ìjọ náà jáde. Ọwọ́ ara mi ni mo fi to ojú wa sínú ọkàn pupa. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn ìyá ń dì mọ́ mi, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run kò sùn. Ìyá mi mú ìwé ìjọ mẹ́wàá lọ sílé. Mo rẹ́rìn-ín fún gbogbo wọn. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìkẹ́gàn, ẹ jẹ́ kí n má yọ ara mi sílẹ̀.

Èmi ni mo tẹ fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó wa, nítorí náà, àdírẹ́sì tó fún ìgbìmọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ Túsìdé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ijegun-Egba, láàárín àwọn tánkà epo tó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, nínú ihò tí wọ́n ti gbẹ́ sójú títì. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí n rí ẹ̀gbọ́n náà lójú, kí n rí ìyàwó rẹ̀, kí ọkàn mi balẹ̀. Mo sì ti pinnu pé bó bá jẹ́ ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi ni, obìnrin oko kan ni màá bá níbẹ̀, tó gé wíìgì rẹ̀ ní gígé burúkú, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wò ó, mo ti kẹ́gàn rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ṣọ́ọ̀bù ni iwájú ilé náà. Wọ́n ń ta mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì àti ọṣẹ. Obìnrin kan tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún fi ìborí kékeré bo orí, ó pọn ọmọ tuntun. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta jókòó sórí àpò ìrẹsì. Lókè àwọn páálí mílíìkì, nínú férémù dúdú, fọ́tò náà wà lára ògiri. Kò sí pé kí ẹnikẹ́ni zúùmù ẹ̀. Ó tóbi tó fèrèsé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà níbẹ̀, ó pé, ó sinmi lé èjìká obìnrin tó dúró síwájú mi yìí.

Mo ra mílíìkì alápò kan kí n lè ní ìdí láti dúró síbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀ ń wo fọ́tò wa," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ti òkè ọ̀hún, bíi ti àwọn ará Ìsẹ́yìn.

"Ó dára. Ta nìyẹn?"

"Ọkọ mi ni. Èyí tó jókòó yìí ni mo gbé dání níbẹ̀." Ó yí ẹ̀yìn sí mi kí n lè rí ọmọ tó pọ̀n. "Wọn ò tíì bí èyí. Ó máa ń dùn mí pé kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan wà ní Festac tó lè fi èèyàn sínú fọ́tò."

Mo wo ọmọ náà. Oṣù mẹ́ta ni. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ìyá mi, ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ọmọ yìí ti wà nínú ikùn, ó sì ti ń ta ẹsẹ̀.

"Èmi náà lè ṣe é," mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀.

Ó fún mi ní sìdíì tí ayàwòrán fún wọn, èyí tí fọ́tò gidi wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí pípé ni mo gbé sínú báàgì. Mo lè gbé e lọ bá Bàbá Alága ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kó fi ojú rẹ̀ méjèèjì rí i ní ńlá. Mi ò gbé e lọ. Mo sọ fún ara mi pé mi ò tún ní bẹ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé tí mo bá gbé e lọ, ìgbéyàwó mi ti parí nìyẹn, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́ kó parí. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá wọ́n ti kọ ara wọn. Mo ń sọ pé bóyá wọn ò ṣègbéyàwó gidi. Mo ń ronú nípa ìyá mi àti ìwé ìjọ mẹ́wàá rẹ̀. Èmi tí mo máa ń fi àwọn tó ń gbé mọ́tò sẹ́yìn ara wọn rẹ́rìn-ín!

Ní ọjọ́ kejì, mo mú kámẹ́rà ìjọ lọ, mo ya ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Lẹ́yìn náà, mo jókòó ti ojú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Iṣẹ́ tó pé ni mo fẹ́ ṣe, torí pé àánú obìnrin náà ń ṣe mí, mo sì rò pé ẹ̀bùn ni mo fẹ́ fún un kí ayé rẹ̀ tó dà rú. Mo fẹ ojú ọmọ náà títí ó fi kún gíláàsì. Mo rọra gé e yí etí rẹ̀ po, etí tó ká létí bíi ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo yọ fóònù kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo gbé ọmọ rẹ̀ sí i. Mo fi òjìji sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, mo sì jẹ́ kí funfun aṣọ bàbá tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Kò sí ojú ẹ̀dá tó lè rí ibi tí mo ti so wọ́n pọ̀. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tún ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá ní ilé fọ́tò kan ní Festac, mo sì gbé e lọ sí Ijegun-Egba ní ọ̀sán. Ọkùnrin náà kò sí nílé. Ó wà ní ìpàdé àdúrà ní ìjọ wa, mo mọ̀.

Obìnrin náà nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró kó tó gbà á. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sókè kí òun náà lè rí àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Wọn ò purọ́ fún mi pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá wọn ni." Ó gbé fọ́tò náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó ní ẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ẹ kàwé, ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe fọ́tò nínú kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ tí ẹ wá ra mílíìkì ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo ní kí n má sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ ojú àwọn ọmọ kí ẹ tó kó wọlé ni."

Mo sorí kọ́. Ó rò pé ojú ló ń tì mí. Ó fà mí lọ́wọ́ wọ inú ilé bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń fa àbúrò, ó ṣí ilẹ̀kùn kan. Yàrá kékeré ni, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti fi aṣọ tuntun sójú fèrèsé. Àmì páálí ṣì wà nílẹ̀ lára símẹ́ńtì.

"Ibí ni mò ń kó ọjà sí tẹ́lẹ̀," ló wí. "Mo ti kó gbogbo rẹ̀ síta fún yín. Ó ní lẹ́yìn ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì yín ni ẹ máa wá. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń káàánú rẹ̀, òun ló ti ń gbá ilẹ̀ dè mí. Òun ni ọkùnrin náà bá sọ òtítọ́. Èmi tó kàwé, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ni kò kà sí ẹni tó yẹ kó sọ fún. Ojú tì mí. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ó dúró tì mí títí mo fi ṣe tán. Ó rọra ní, "Kò sọ fún yín ni?"

"Kò sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò ní wá."

Kò yà á lẹ́nu. Ó tún ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀n, ó wo yàrá náà yíká láti ilẹ̀ dé òkè, ó sì fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

"Ó dáa," ló wí. "Mi ò tíì ní kó ọjà padà síbẹ̀. Bàbá wọn ṣì máa mú ẹlòmíràn wá."